Ọ́díṣọ̀n àti eré orí ìtàgé tó ń bọ̀: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù

Gbogbo ìgbà tí a bá ti kéde ọ́díṣọ̀n ni ìbéèrè kan náà máa ń wọlé sórí fóònù wa, láti Bódìjà, láti Mọ́níyà, láti Abẹ́òkúta, nígbà mìíràn láti òkè òkun. Ìdáhùn wa nìyí. Ìrírí ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan n'Íbàdàn ni mo fi kọ ọ́. Níbi tí ọ̀nà àwọn ẹgbẹ́ mìíràn bá ti yàtọ̀ sí tiwa, mo sọ ọ́.

Kí ni ọ́díṣọ̀n gan-an?

Ìpàdé tí olùdarí eré ti ń wo àwọn tó fẹ́ kópa, tó sì ń gbọ́ ohùn wọn, kó tó pín ipa fún ẹnikẹ́ni ni. Àwọn kan ń pè é ní ìdánwò, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé nínú ìdánwò, ìdáhùn kan ló máa ń tọ̀nà. Níbí, ọmọbìnrin méjì lè sọ gbólóhùn kan náà, kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ dáadáa, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ìyá àgbà inú eré ni ọ̀kan bá mu, tí èkejì sì bá ìyàwó tuntun mu.

Láyé àwọn alárìnjó, àwọn òṣèré àtijọ́ tó ń gbé eré láti ìlú dé ìlú, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú agbo ilé ni iṣẹ́ náà wà, ọmọ á máa tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ ká. Nígbà tí Hubert Ogunde, ọmọ Òṣósà, dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sọ eré di iṣẹ́ oòjọ́ tí ẹni tí kò bá a tan lè wá bá a ṣe. Láti ìgbà náà ni ó ti di dandan pé kí wọ́n wo àlejò wò kí wọ́n tó gbà á.

Ṣé dandan ni kí n ti kọ́ iṣẹ́ eré?

Rárá. Lóòótọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní eré, ẹni tó bá sì ti ibẹ̀ wá mọ ohun púpọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹni tó ń ta aṣọ òkè ti gba ipa lọ́wọ́ wa. Ohun tí a ń wá ni ẹni tí etí rẹ̀ ṣí, tó lè gba àtúnṣe láìbínú, tó sì máa ń dé lásìkò.

Níbo ni mo ti lè gbọ́ nípa eré tó ń bọ̀?

N'Íbàdàn, ẹ máa wo ojú pátákó ìkéde ní gbọ̀ngàn Wole Soyinka ní Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Arts Theatre, àti Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá. Ní Ifẹ̀, Odùduwà Hall ni. L'Ábẹ̀òkúta, gbọ̀ngàn June 12 tó wà ní Kútọ̀. Ti Èkó pọ̀ jù wọ́n lọ: Terra Kulture ní Victoria Island, MUSON ní Oníkan, Freedom Park ní Broad Street níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀, àti àwọn gbọ̀ngàn eré tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ sí Ìgándò, Ẹ̀pẹ́, Badagry àti Oregun, tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò gbé Island náà ní ibi tó lè lọ. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà ní Ìgànmú, National Theatre tí wọ́n ṣí ní 1976, ló ti ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka láti 2024.

Ẹ fi àwọn ìgbà kan sọ́kàn pẹ̀lú. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ni àyájọ́ eré orí ìtàgé ní gbogbo àgbáyé, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló sì máa ń gbé eré síta ní àyíká rẹ̀. Àjíǹde, Iléyá àti oṣù Kejìlá náà kì í lọ lásán. Nígbà òjò, eré ìta gbangba máa ń dínkù, torí pé òjò kò mọ òǹwòran tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Èyí tí àwọn ènìyàn kò sì mọ̀ ni eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí sáà ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ, wọ́n máa ń ṣe eré fún máàkì, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ará ìlú wọlé ní owó tí kò tó nǹkan. Mo ti rí eré níbẹ̀ tó wú mi lórí ju èyí tí mo san owó gegere fún lọ. Kí ẹ kàn rí i pé yunifásítì kò sí nínú ìyanṣẹ́lódì kí ẹ tó wọ mọ́tò.

Òkè òkun ni mò ń gbé. Ṣé mo lè kópa bí mo bá wálé ní Disẹ́ḿbà?

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ fẹ́ lò nílé, kò ṣeé ṣe, torí pé rìhásà ti máa parí kí ẹ tó dé. Ẹ wá wo eré. Bí ẹ bá fẹ́ ran eré lọ́wọ́, aṣọ, bàtà àti iná orí ìtàgé wúlò fún wa ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Èló ni fọ́ọ̀mù?

A kì í ta fọ́ọ̀mù ọ́díṣọ̀n. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì òun kí ẹ tó lè rí olùdarí, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i, kódà bí àwòrán òṣèré ńlá bá wà lójú ìkéde rẹ̀.

Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ni níṣẹ́ fíìmù o. Ọ̀dọ̀ àwọn yẹn, ọmọ iṣẹ́ lẹ jẹ́: ẹ ó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ ó lo iye ọdún tí ẹ jọ ṣàdéhùn, ẹ ó sì ṣe fíríìdọ̀mù bí télọ̀ ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà tó mọ́ ni, bí ọ̀gá náà bá jẹ́ ọmọlúàbí. Àmọ́ ẹ̀kọ́ lẹ fi owó yẹn rà, kì í ṣe ipa nínú eré kan.

Kí ni kí n wọ̀, kí ni kí n mú dání?

Aṣọ tí ẹ lè fi jókòó sílẹ̀, tí ẹ lè fi jó. Ẹ má wọ gèlè ńlá, ẹ má wọ bàtà gogoro, ẹ má kun ojú débi tí a kò fi ní rí ojú yín gan-an. Ẹ mú omi, bírò, àti ìwé tí ẹ kọ àwọn ọjọ́ tí ẹ kò ní ráyè sí. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju fọ́tò lọ.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí n há sórí wá?

Ọ̀rọ̀ àdásọ tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kó jẹ́ ohun tí ẹ ti há sórí débi pé bí wọ́n bá jí yín lóru, ẹ ó sọ ọ́. Ìdí ni pé olùdarí lè dá yín dúró láàárín, kó ní, "Ó dáa, ẹ sọ ọ́ bíi pé ọmọ ń sùn nínú yàrá." Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn, ẹ kò ní lè ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹkún. Lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n kan, àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wá ló sunkún ọmọ tó kú tàbí ọkọ tó lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, a kò dá ẹkún ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì mọ́. Ẹni tí mo ṣì ń rántí títí dòní ni arábìnrin kan tó ń bẹ onílé pé kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Kò pariwo. Ó kàn ń wojú onílé tí kò sí níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń pe oríkì rẹ̀, ó sì ń fọgbọ́n fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wa la ti rí onílé yẹn kó tó dákẹ́. Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń sọ ọ́ ti ń wá nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ sì mọ ẹni náà: ibi tó dúró sí, ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tó fẹ́ràn.

Bí ó bá jẹ́ ẹsà tàbí ìjálá lẹ fẹ́ fi wọlé, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ ń sọ. A máa ń béèrè. Ẹ má sì ṣe àfarawé òṣèré fíìmù kankan, torí pé ohùn tirẹ̀ la ó gbọ́, tiyín á sì fara pamọ́.

Yorùbá mi kò já gaara. Ṣé mo ṣì lè wá?

Ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ohùn fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀. Òǹwòran tó jókòó sẹ́yìn kò ní ìwé lọ́wọ́, kò sì sí ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ohùn yín nìkan ló ní. Ní rìhásà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe ìránṣẹ́ sáré wọlé sí ààfin, ó wólẹ̀, ó ké pé, "Kábíyèsí, ogún dé!" Ogun ló yẹ kó wí. Ọba tó yẹ kó fò dìde nínú ẹ̀rù wá dà bí ẹni tí wọ́n ní kó wá gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ká ní alẹ́ eré ni, ibẹ̀ ni ìran yẹn ì bá ti bàjẹ́, torí pé bí àwọn ènìyàn bá ti fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ẹ kò lè dá wọn padà sínú ẹ̀rù mọ́.

Ó ṣeé tún ṣe. Ẹ wá ìwé Yorùbá tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa, kí ẹ máa ka ojú ewé kan sókè láràárọ̀. Bí gbólóhùn kan bá ń le yín, ẹ kọ́kọ́ fi dò, rè, mí kọ ọ́ lórin kí ẹ tó pe ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ara yín. Nínú ẹgbẹ́ wa, onídùndún ni a máa ń ní kó fi ìlù sọ gbólóhùn náà tẹ̀ lé òṣèré: bí ti ìlù bá yàtọ̀ sí ti ẹnu, a mọ ibi tí àṣìṣe wà.

Ti ẹ̀ka èdè kì í ṣe àbùkù rárá. Bí ẹ bá ń sọ Èkìtì, Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó, ẹ sọ fún olùdarí. Ó lè wá ẹni tí yóò fi ẹnu ìlú rẹ̀ ṣe oníṣòwò tàbí bàbá ìyàwó, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ kò sì lè ṣe é kó dá ẹnikẹ́ni lójú.

Ṣé dandan ni kí n mọ orin kọ, kí n mọ ijó jó?

Fún eré Yorùbá tí a ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni, dé ìwọ̀n kan. Ìjúbà, orin àti ijó ló máa ń ṣíwájú eré láti ayé alárìnjó, èmi kò sì mọ ọ̀nà tó dára jù ú lọ láti mú òǹwòran tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ wọ inú ìtàn. A kò ní kí ẹ jẹ́ olórin. Bí a bá lé orin, kí ẹ lè gbè é láì yẹ̀ kúrò lójú ohùn. Bí bàtá bá yí padà, kí ẹsẹ̀ yín gbọ́.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá náà?

Ẹ ó kọ orúkọ, ẹ ó gba nọ́ńbà, ẹ ó dúró títí wọ́n á fi pè yín. Bí ẹ bá wọlé, ẹ kí wọn, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ ṣe ọ̀rọ̀ àdásọ yín. Lẹ́yìn náà wọ́n lè fún yín ní ojú ewé kan nínú ìwé eré kí ẹ kà á pẹ̀lú ẹlòmíràn. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, torí pé wọ́n tẹjú mọ́ ìwé, wọn kò gbọ́ ohun tí ẹnìkejì sọ fún wọn. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ máa bá a lọ.

Wọ́n ní kí n padà wá. Ṣé mo ti wọlé nìyẹn?

Kò tíì dájú. Ó túmọ̀ sí pé ẹ wà lára àwọn díẹ̀ tí olùdarí fẹ́ tò papọ̀ wò: ta ló lè ṣe ọkọ ta ni, ohùn ta ló bá ti ta mu.

Wọn kò mú mi. Kí ni àṣìṣe mi?

Ó lè máà sí àṣìṣe kankan. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ga ju ẹni tí wọ́n ti mú ṣe bàbá yín lọ. Ẹ lè fi sùúrù béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Olùdarí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á sọ ohun kan tí ẹ lè tún ṣe. A ní òṣèré kan tó wá lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gba ipa. Ìgbà kẹrin ló kọ́kọ́ wá láìsí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀.

Mò ń ṣiṣẹ́. Ìgbà wo ni rìhásà máa ń wáyé?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ la máa ń lò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ àti ọ̀sán Sátidé ni; ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ojoojúmọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi eré jẹun máa ń ṣe é láti àárọ̀ dé alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ gbọ́ kí ẹ tó gba ipa. Bí ẹnìkan kò bá wá, àwọn mẹ́wàá tó wà nínú ìran rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe, àwọn náà sì san owó ọkọ̀ wá.

Mi ò fẹ́ dé orí ìtàgé. Ṣé iṣẹ́ wà fún mi?

Ó wà rẹpẹtẹ. Ẹni tó ń rán òṣèré létí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń tọ́jú aṣọ àti ohun èlò, ẹni tó ń darí iná, ẹni tó ń dúró ti jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n, kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Èló lẹ máa san fún òṣèré?

Mi ò ní purọ́ fún yín. Ní ẹgbẹ́ kékeré, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ rìhásà ni, lẹ́yìn náà a ó pín nínú owó ẹnu ọ̀nà nígbà tí a bá ti yọ owó gbọ̀ngàn, dísù àti ìlù kúrò. Bí dísù bá ti wọ́n, èrè òṣèré ló ń jẹ. Àwọn eré olórin ńláńlá tó ń lọ l'Ékòó a máa san ju bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Níbikíbi tó bá jẹ́, ẹ béèrè kí rìhásà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Olùdarí tó bá bínú nítorí ìbéèrè yìí ti dá yín lóhùn.

Ọmọ mi ò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ṣé ó lè wá?

Ó lè wá, bí òbí tàbí alágbàtọ́ bá jókòó tì í ní gbogbo rìhásà. A kì í ṣe rìhásà ọmọdé lásìkò ìdánwò iléèwé.

Mùsùlùmí ni mí (tàbí Kristẹni ni mí). Bí eré bá ní òrìṣà tàbí ọfọ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí wúwo, mi ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ẹni tó ṣe Ṣàngó lórí ìtàgé kò di olórìṣà, bí ẹni tó ṣe olè kò ṣe di olè. Àwọn tó dá eré wa sílẹ̀ gan-an, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ wọn ti jáde. Ìjọ Aládùúrà ni Ogunde ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ fún ní 1944. Duro Ladipo, òun náà òṣèré àti olùdarí eré, kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì l'Óṣogbo ní 1961, ó fi ìlù wa sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú. Ní 1962 ni Mbari Mbayo, ibi ìpàdé àwọn òṣèré àti ayàwòrán, bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti gbilẹ̀.

Síbẹ̀, ọkàn yín ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fipá mú yín. Ẹ ní kí wọ́n sọ ìtàn eré náà fún yín kí ẹ tó gba ipa. Bí ohun kan bá wà tí ẹ kò lè ṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n. A lè fún yín ní ipa mìíràn. Nípa ọfọ̀, àwọn àgbà òṣèré tí mo bá ṣiṣẹ́ kì í pe é tán lórí ìtàgé: wọ́n á yọ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á fi òmíràn dípò. Àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ lágbára ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì rí ìdí láti yí i padà.

Olùdarí kan ní kí n wá ṣe ọ́díṣọ̀n ní hótẹ́ẹ̀lì. Ṣé kí n lọ?

Ẹ má lọ. Ọ̀sán ni ọ́díṣọ̀n, ní gbọ̀ngàn tàbí ọgbà iléèwé tí ènìyàn ń wọlé tí ń jáde, níwájú ènìyàn bíi mẹ́ta, kí obìnrin sì wà lára wọn. Kò sí ipa kankan tó béèrè pé kí ẹ bọ́ṣọ lọ́jọ́ ọ́díṣọ̀n tàbí kí ẹnìkan fọwọ́ kàn yín níbi tí ẹ kò fẹ́. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ jáde, ẹ má dúró bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Ẹ lè mú ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ dání wá sí ọ́díṣọ̀n wa. Àga wà fún wọn.

Ṣé eré máa ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò? Ṣé mo lè fi fóònù yà á?

Tiwa ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá sọ pé agogo mẹ́fà, ìlù ìjúbà á dún ní agogo mẹ́fà. Ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìran kìíní yóò fi parí. Ẹ ya fọ́tò nígbà tí a bá wá tẹríba níparí, kì í ṣe nígbà tí eré ń lọ, nítorí iná fóònù máa ń gba ojú òṣèré nínú òkùnkùn.

Mo ti gba ipa, iṣẹ́ fíìmù sì yọjú lọ́sẹ̀ eré. Kí ni kí n ṣe?

A mọ̀ pé owó fíìmù lè san owó ilé ọdún kan, tiwa kò lè san ti oṣù kan. Nítorí náà a kò ní ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ pè wá lọ́jọ́ tí ẹ gbọ́, kó tó di pé ẹ fún wọn lésì. Nígbà mìíràn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n nílò yín, ẹ sì lè bá wọn sọ ọ́ kó bọ́ sí àárọ̀ Ajé. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a lè kọ́ ẹlòmíràn. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó ń ránni létí ọ̀rọ̀ ni yóò wọ aṣọ yín, yóò sì mú ìwé dání jáde sójú àwọn ènìyàn tó ti sanwó.